Owó Àtijọ́ Tí Ń Bẹ Nínú Ilẹ̀ Páàkì Wa

Ó ti di àṣà wa láti máa kọ díẹ̀ nínú ìtàn àwọn tó ṣáájú wa dé ilẹ̀ yìí sínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. Ti ọdún yìí jẹ mọ́ owó. Kì í ṣe owó ẹgbẹ́ tí akápò ń béèrè lọ́wọ́ yín o (ìyẹn náà ṣì wà nílẹ̀), bí kò ṣe owó àtijọ́ tí ń bẹ nínú ilẹ̀.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa mélòó kan lọ yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá wúrà. Ditẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá gbé e kọjá lórí ilẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀, yóò dún. Wọ́n gbé e lọ sí páàkì tó wà lẹ́bàá Zongo, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tí a sì ti ń ṣe ìnáwó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà tó ṣú, wọ́n ti gbẹ́ ihò mẹ́tàdínlógún. Wọ́n rí ìdérí ìgò tó kún agolo kan, wọ́n rí ìṣó, wọ́n rí ọwọ́ ìkòkò tó ti kán, wọ́n sì rí owó onihò mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹjọ́ ti dé iwájú ìgbìmọ̀ wa. Ẹnìkan ní ilé bàbá òun ló wà níbẹ̀ kí ó tó di 1969, nítorí náà òun ló ni ohunkóhun tí wọ́n bá hú jáde. Ẹlòmíràn ní ìyá òun ló ń tajà ní orígun kan náà. Sarkin Zongo sì ránṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ló fún wa láṣẹ láti gbẹ́ ilẹ̀.

A parí ẹjọ́ náà bí a ti lè parí rẹ̀, a sì dí ihò. Ṣùgbọ́n a rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń jà sí owó náà kò mọ irú owó tó jẹ́, wọn kò sì mọ bí ó ṣe dé inú ilẹ̀. Èyí ló mú wa kọ ìwé yìí.

Kí owó Òyìnbó tó gbilẹ̀ níbí, ìyẹ̀fun wúrà ni àwọn Ashanti fi ń ná ọjà. Oníṣòwò a máa ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́, àwọn ide kéékèèké tí wọ́n dà ní àwòrán ẹyẹ, ẹja, ọ̀nì àti ènìyàn. Inú orúkọ àwọn ìwọ̀n yìí ni wọ́n ti mú pẹ́sẹ́wà, tí í ṣe owó kékeré Ghana títí di òní. Nígbà tí Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bowdich wá sí Kumasi ní 1817, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wúrà tó bá jábọ́ sílẹ̀ ní ọjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣà á, bí òjò tilẹ̀ rọ̀ tí ó ń tàn yanranyanran lójú gbogbo ayé. Ti ọba ni. Bí ìnáwó ńlá bá dé bá ìlú, ọba á pàṣẹ kí wọ́n fọ iyẹ̀pẹ̀ ọjà náà, wọn á sì yọ wúrà inú rẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè ta ló ni ohun tó wà nínú ilẹ̀ kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn onílẹ̀ ti ní ìdáhùn tiwọn sí i.

Ní ilẹ̀ tiwa, owó ẹyọ ni. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti erékùṣù Maldives, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn wá láti Zanzibar. Ti Zanzibar yìí pọ̀ jù, ó sì sọ owó náà di yẹpẹrẹ. Nígbà tí ó fi máa di òpin ọ̀rúndún 1800, ọ̀kẹ́ kan, ẹrù tí alágbára ń rù, kò ju ṣílè márùn-ún lọ. Ẹ ro ti oníṣòwò tó fẹ́ lọ ra ẹrú obì níbi tó jìn: ẹrù owó rẹ̀ yóò wúwo ju ẹrù ọjà rẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí fàdákà Òyìnbó fi gba ọwọ́ àwọn ènìyàn láìsí pé a fi pàṣán lé wọn. Ṣílè márùn-ún, àpò agbádá gbà á.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò rò. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kiri yẹn kò lè gbọ́ owó ẹyọ. Ìkarahun ni, kì í ṣe irin. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e, yóò kọjá lọ ni, kò ní dún pín-ín. Ìyẹ̀fun wúrà kéré jù fún un. Owó bébà kò sí nínú ìwé rẹ̀ rárá. Owó onírin nìkan ló mọ̀, ìyẹn ni pé ìtàn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ péré ni ó lè bá wa hú jáde nílẹ̀ yìí.

Ojú irin láti Sekondi dé Kumasi ní 1903, èyí tó ti Accra wá sì dé ní 1923. Àwọn ènìyàn wa ti wà lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó dé, ẹlòmíràn fẹsẹ̀ rìn, ẹlòmíràn bá ọmọ ogun wá, ṣùgbọ́n ojú irin ló jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ìgbòho, Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn. Abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ, dígí, ọṣẹ, iyọ̀, wọ́n á gbé e sórí àtẹ, wọ́n á sì gbé e wọ inú abúlé tí ilé ìtajà Òyìnbó kò dé. Alata ni àwọn Ashanti ń pè wá títí di òní. Ọjà wíwẹ́ ni, owó wíwẹ́ ló sì ń mú wá. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí owó wíwẹ́ ló ń jábọ́ sílẹ̀, owó wíwẹ́ náà ló sì ń kún ìkòkò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó fàdákà tí wọ́n ń ná ní London gan-an ni wọ́n ń kó wá. Ó pọ̀ débi pé ní àwọn ọdún kan èyí tó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó èyí tí wọ́n ń dà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba wọn bẹ̀rù pé bí gbogbo rẹ̀ bá padà wálé lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso náà sì ń bínú pé London nìkan ló ń jẹ èrè tó wà nínú dídà owó. Ìgbìmọ̀ tí Lord Emmott ṣe alága rẹ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 1912, ní ọdún kan náà ni wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ṣe owó fún Nigeria, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia sílẹ̀. Owó fàdákà wọn jáde ní 1913: ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì àti tọ́rọ́. Orí ọba wà ní ojú kan, igi ọ̀pẹ sì wà ní ojú kejì ṣílè kan àti ṣílè méjì. Owó kan náà ni ènìyàn ń ná ní Ìbàdàn, tó ń ná ní Kánò, tó ń ná ní Kumasi. Àwọn ọmọ wa tí ń dúró lórí ìlà ní bọ́dà Aflao láti ṣẹ́ náírà sí sídì kì í gbà wá gbọ́ bí a bá sọ fún wọn.

Ẹni tó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Èyí tó ní 1913 sí 1919 lára, fàdákà gidi ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n gógó, nítorí náà ní 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ide dà á, àwọ̀ rẹ̀ sì di ofeefee. Àwọn bàbá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ná ofeefee, wọ́n sì gbé funfun pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú funfun náà bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó di ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka, ìyókù wọlẹ̀. Bí ẹ bá rí lẹ́tà kékeré H lára òmíràn, ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló dà á. KN ni ti King's Norton, Birmingham kan náà.

Àwọn tí ó kéré ni owó onihò: kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti onínì. Onínì mẹ́wàá ló ń ṣe kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ méjìlá ló ń ṣe ṣílè, ogún ṣílè ló ń ṣe pọ́n-ùn. Ẹni tó bá fẹ́ ka pọ́n-ùn kan ní onínì, 2,400 ni yóò kà. Àwọn ìyá wa sì ń kà á o, láìní ìwé, láìní kálàmù. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè sín in sórí okùn bí wọ́n ti ń sín owó ẹyọ. Ní 1907, alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe onínì, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa jẹ ẹ́, ni wọ́n bá yí i padà sí irin mìíràn tó le. Àwòrán ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ló yí ihò náà ká.

Ẹ jẹ́ kí a fi etí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ọ̀rọ̀ kan. Àwọn kan ń kiri Zongo tí wọ́n ń sọ pé kọ́bọ̀ onihò ọdún 1936 tó ní orúkọ Edward VIII lára tó ilé kan ní owó. Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé ọba náà kò lo ọdún kan lórí oyè, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1936 nítorí obìnrin, wọn kò sì tíì ná owó tó ní orí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ṣùgbọ́n owó onihò kì í ní orí ọba, orúkọ nìkan ni, wọ́n sì ti dà á lọ́pọ̀ mílíọ̀nù fún wa níbí kí ó tó lọ. Ó wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ìwé kí òun tó bá yín ta kọ́bọ̀ 1936 ní ìlú òkèèrè, ẹ mọ̀ pé owó ìwé yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń sin owó? Báǹkì wà. Bank of British West Africa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní etíkun láti 1894. Ṣùgbọ́n alátẹ tí kò mọ̀wé, kí ni yóò wí fún akọ̀wé báǹkì? Ẹlòmíràn dá èsúsú, ẹlòmíràn ní kóló, ẹlòmíràn fi pamọ́ sọ́dọ̀ baálé. Ẹni tí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìdáná. Kì í sọ fún ẹnìkan. Ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà: bí ikú bá dé lójijì, tàbí bí ọ̀nà bá yá lójijì, ilẹ̀ ló jogún.

Ọ̀nà sì yá lójijì. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìyẹn, owó Ghana ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní oṣù Keje 1958, Ghana bẹ̀rẹ̀ owó tirẹ̀, pọ́n-ùn àti ṣílè tó ní orí Nkrumah lára àti ìràwọ̀ ní ojú kejì. Owó onihò dópin níbẹ̀. Ní oṣù Keje 1965, sídì àti pẹ́sẹ́wà dé. Sídì kan jẹ́ ṣílè mẹ́jọ àti kọ́bọ̀ mẹ́rin, ìṣirò tó yọ àwọn ìyá ọlọ́jà lẹ́nu púpọ̀. Orúkọ sídì yìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn Fante fi ń pe owó ẹyọ ni wọ́n ti mú un. Ọmọ ogun gbàjọba ní oṣù Kejì 1966, ní oṣù Kejì 1967 sì ni wọ́n mú sídì tuntun jáde tí kò ní orí Nkrumah mọ́. Ìlù ni wọ́n yà sára pẹ́sẹ́wà kan, kòkó ni wọ́n yà sára àwọn tó tóbi. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá ní owó nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ hú u kí ó lọ pààrọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin lásán ló ní.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gba á tàbí kí ó kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkàníyàn 1960 ti fi hàn pé àwa Yorùbá nílẹ̀ yìí tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, 100,000 ènìyàn. Àwọn tí wọ́n bí níbí, tí wọn kò mọ ọ̀nà ilé bàbá wọn, wà nínú wọn. Ogun ṣì ń jà ní Nigeria nígbà náà. Ó di ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá. Àwọn tí wọ́n jẹ ọjà wa ní àwìn dẹ́kun sísan, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì kò pẹ́. Ilé tí a fi ogún ọdún kọ́, ẹlòmíràn tà á ní iye tí kò lè ra páànù òrùlé rẹ̀, ẹlòmíràn kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin tó de gbígbé owó jáde ní Ghana sì ti wà láti 1961, sídì kò sì wúlò bí a bá kọjá bọ́dà. Ibi tí a ti ń gbọ́ pé wọ́n sin owó lọ́dún yẹn nìyí. Wọ́n rò pé àwọn ń bọ̀ láìpẹ́.

A kò sọ èyí láti tún ojú egbò yẹn ṣí. Ní oṣù Kìíní 1983, Nigeria náà lé àwọn ọmọ Ghana, wọ́n sì kó ẹrù wọn sínú báàgì tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá àwọn náà ti sin nǹkan sílẹ̀ ní Lagos.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́tùlù. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn bíríkìlà tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan nítòsí páàkì náà rí kẹ́tùlù irin tó kún fún owó. Ẹni mẹ́fà ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Kí onílé tó dé, wọ́n ti pín in. Ìdá kan bọ́ sọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ide ní ìwọ̀n kílò, ọmọdé kan gba díẹ̀, kẹ́tùlù náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹbí kan láàárín wa wí pé bàbá wọn ló sin ín ní 1969. Ẹbí kejì ní rárá, bàbá àgbà àwọn ni, ẹni tó kú ní nǹkan bí 1950, òun ló ni ilẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì bínú kúrò nípàdé, ìkan kò sì tíì padà.

A wá owó náà kiri. Mọ́kànlá péré ni ojú wa tó. Ṣílè fàdákà méjì wà níbẹ̀, 1914 àti 1919. Ṣílè ofeefee mẹ́rin, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn jẹ́ 1947. Ìyókù jẹ́ kọ́bọ̀ onihò. Kò sí Nkrumah, kò sí kòkó, kò sí ìlù. Ẹ wò ó: nínú ìkòkò owó, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń jẹ́rìí. Wọn kò lè sin ín kí wọ́n tó dà á. Bí gbogbo owó inú kẹ́tùlù náà bá dúró sí 1947, ó ṣòro kí a gbà pé ẹni tó ń ṣòwò títí di 1969 ló sin ín láìfi owó tuntun kan sí i, ọ̀rọ̀ ẹbí kejì á lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí pẹ́sẹ́wà onílù kan ṣoṣo bá wà nínú rẹ̀, ẹbí kejì ti jẹ̀bi, nítorí ẹni tó kú ní 1950 kò lè sin owó 1967. Ẹ̀rí náà wà nínú kẹ́tùlù. Àwọn ènìyàn mẹ́fà tú u ká ní wákàtí kan, kò sì sí adájọ́ tó lè tún un kó jọ. Mọ́kànlá nínú bóyá ọgọ́rùn-ún méjì tàbí mẹ́ta kò tó jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe ní páàkì yóò mú irú rẹ̀ mìíràn wá ni, àfi bí a bá tètè dá a dúró. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú. Ó ní ìtàn tó dára. Nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Garfield ti Amẹ́ríkà ní 1881, Alexander Graham Bell, ẹni tó ṣe tẹlifóònù, ṣe irú rẹ̀ láti fi wá ọta tó wà lára ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò rí i. Wọ́n ní irin inú bẹ́ẹ̀dì wà lára ohun tó dà á láàmú. Nígbà ogun Hitler, Józef Kosacki, ọmọ ogun Poland, ṣe èyí tí wọ́n fi wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ní El Alamein ní Egypt, 1942. Lẹ́yìn ogun ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá owó. Wáyà tí wọ́n ká róbótó ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iná inú wáyà náà a máa kan irin inú ilẹ̀, irin náà á dá a lóhùn, ohùn yẹn ni ẹni tó gbé e ń gbọ́. Owó kékeré tó bá rì ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ó ṣòro kí ó gbọ́ ọ. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín owó àti ìdérí ìgò, ihò mẹ́tàdínlógún jẹ́rìí sí èyí.

Ní oṣù Kọkànlá 1992, àgbẹ̀ kan ní abúlé Hoxne ní ilẹ̀ England sọ hámà rẹ̀ nù sínú oko. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ditẹ́kítọ̀ kí ó bá òun wá a. Ọ̀rẹ́ náà rí owó wúrà àti fàdákà ti àwọn ará Róòmù. Nígbà tó rí i pé ó pọ̀, ó dá ọwọ́ dúró, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Àwọn onímọ̀ wá, wọ́n hú u bí wọ́n ti kó o sínú àpótí ní ìjelòó. Owó inú rẹ̀ jẹ́ 14,865. Nítorí pé wọn kò tú u ká, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí fi hàn wọ́n pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ti sin ín ṣáájú 407. Wọ́n san £1,750,000, ẹni tó rí i sì bá àgbẹ̀ náà pín in. Hámà ọ̀hún gan-an wà ní British Museum. Òfin tuntun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí irú ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1996: ẹni tó bá rí ìṣúra gbọ́dọ̀ sọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá sọ a máa gba owó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ.

Ghana náà ní òfin. Òfin ilé-ìṣúra ohun àtijọ́, NLCD 387, jáde ní 1969 kan náà tí wọ́n lé wa, wọ́n sì fi ìlànà mìíràn tì í lẹ́yìn ní 1973. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti wá ohun àtijọ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé e jáde kúrò nílùú gbọ́dọ̀ gbàṣẹ bákan náà. Nigeria ní tirẹ̀ láti 1979. Yàtọ̀ sí òfin ìwé, páàkì kì í ṣe ilẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Ìjọba ìlú ló ń ṣe àkóso rẹ̀, àwọn onílẹ̀ ló ni ín, àwọn Hausa, Mossi, Dagomba àti àwa ni a jọ ń lò ó. Àwa tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n á rí tí ń dá ihò sí ilẹ̀ onílẹ̀ lóru.

Nítorí náà, èyí ni ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí. Ẹ̀rọ náà ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. A ti lọ kí Sarkin Zongo, a sì ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ohun àtijọ́ láti béèrè ọ̀nà tó tọ́. Akọ̀wé wa ra ìwé ńlá kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó àtijọ́ nílé, ì báà jẹ́ èyí tó jogún tàbí èyí tó ṣà nílẹ̀, kí ó mú un wá kí a kọ ọdún ara rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i, àti ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Owó náà yóò bá a padà sílé. Ẹgbẹ́ kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kejì ni àwòrán àdúgbò náà bí ó ṣe rí kí ó tó di oṣù Kọkànlá 1969. Àwọn àgbà wa mẹ́rin ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Wọ́n ti fi ilé mọ́kànlélógún síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ baálé, ìlú tó ti wá, àti ọjà tó ń tà. Wọ́n ti rántí kànga, igi ọdán, àti ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ jíjẹ. Ilé mẹ́fà ló kù ní apá ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ ẹni tó kọ́ wọn. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìgbẹ́tì àti níbikíbi, ẹ bá wa béèrè nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, kí ẹ sì mú ìdáhùn wá fún akọ̀wé ní ìpàdé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpadàbọ̀ yín.